Bí Iná Mànàmáná Ṣe Ń Wọ Ilé ní Kumasi

Ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú iná tí àwọn ará Kumasi ń lò ti ń wá, yálà láti ìsédò Akosombo lórí odò Volta, tí Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, tàbí láti Aboadze létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì yí ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ GRIDCo ni ó ń gbé e wá lórí òpó irin gàgàrà. Fóòtì ni a fi ń wọn ipá tí ń ti iná gba inú wáyà. Ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpó wọ̀nyí jẹ́ 161,000, ti àwọn tuntun sì jẹ́ 330,000. Wáyà a máa gbóná bí iná bá ti ń gbà á kọjá, òfò sì ni ooru náà. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fóòtì di ìlọ́po méjì, iná kan náà yóò fi ìdajì ṣíṣàn rẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ, òfò náà yóò sì dín kù di ìdámẹ́rin.

Síbẹ̀, fóòtì a máa wálẹ̀ bí ìlú bá jìnnà sí ibi tí iná ti ń wá, èyí tí ó wà lára ìdí tí ìjọba Gánà fi tú àwọn ẹ̀rọ amúnáwá kan ní Aboadze, tí wọ́n sì kó wọn wá sí Anwomaso, ní Kumasi gan-an.

Láti ibẹ̀ ni ECG, iléeṣẹ́ tí ń pín iná fún àwọn ilé, ti ń gba iná, tí transfọ́mà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi wáyà méjì tí kò kan ara wọn wé mọ́ irin, yóò rẹ fóòtì rẹ̀ sílẹ̀ sí 33,000, lẹ́yìn náà sí 11,000. Transfọ́mà àdúgbò ni ó kẹ́yìn: wáyà mẹ́rin ni ó ń ti ara rẹ̀ jáde, féèsì mẹ́ta tí ń gbé iná wá, àti níútírà kan tí iná ń gbà padà. Ilé tí kò tóbi a máa mú féèsì kan pẹ̀lú níútírà, tí ó fún un ní nǹkan bíi fóòtì 230, tí yóò gba inú mítà kọjá. Bí mítà náà bá jẹ́ ti àsansílẹ̀, yóò já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí owó inú rẹ̀ bá tán.

Ìrìn kékeré tí ó kẹ́yìn yìí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Bí ilé bá pọ̀ ju agbára transfọ́mà lọ, ilé tí ó wà ní ìparí wáyà ni fáànù rẹ̀ yóò máa yí jẹ́jẹ́, tí fíríìjì yóò máa kùn láìtutù, nígbà tí gílóòbù aládùúgbò tí ó wà lórí féèsì mìíràn ń tàn yòò. Wọn a tètè pe èyí ní dumsor, orúkọ tí àwọn ará Gánà fún iná tí ń lọ tí ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná lè pọ̀ dáadáa ní Anwomaso lákòókò náà. Transfọ́mà mìíràn tí a bá gbé sí tòsí, tí a sì pín àwọn ilé náà sí, ni yóò yanjú rẹ̀.