Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Ayangàrí Bá Ń Tú Ká

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ta gàrí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yan án ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin mẹ́wàá kó ara wọn jọ láti máa ṣe gàrí. Wọ́n dáwó, wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n mọ ààrò. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni ṣáá. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ku mẹ́rin. Bí ẹ bá bi àwọn tó lọ, wọ́n á ní owó ni kò tó. Ẹ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, nílé, nígbà tí ẹ bá jókòó tì wọ́n. Ẹ óò gbọ́ nǹkan míì. Ọ̀kan á ní ọmọ òun ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó yà wo òun. Òmíì á ní òun nìkan ni wọ́n ń fi sídìí iná. Òmíì á ní òun ò mọ iye tí wọ́n ta á rí.

Àwọn bàbá wa ti mọ ọ̀ràn yìí kí ọ́físì tó dé. Ẹ̀yin àgbà mọ àáró: èmi, ìwọ, àti ẹni mẹ́ta míì á para pọ̀, a ó ro oko tèmi lónìí, a ó ro tìrẹ lọ́la, títí á fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lóko àna rẹ̀, ló ń bẹ èèyàn lọ́wẹ̀. Kò ní san án padà lọ́jọ́ kan pàtó, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ẹmu gbọ́dọ̀ wà. Kò sí owó oṣù nínú méjèèjì, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń jí lọ. Kí ló fà á? Kálukú mọ ìgbà tó máa kan òun. Wọ́n ń kọrin, ẹni tó bá sì ń lọ́ra lórí ebè tirẹ̀ á gbọ́ ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ń jẹun pọ̀. Bí ẹnì kan ò bá wá, wọ́n á béèrè rẹ̀, torí àyè rẹ̀ á hàn.

Iṣẹ́ owó oṣù náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa; láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Níbi iṣẹ́ owó oṣù, kò sí pé oko ta ló kàn lónìí. Ọ̀gá ní láti wá nǹkan míì tó máa so èèyàn pọ̀. Wọ́n wá a ní Amẹ́ríkà náà, ní iléeṣẹ́ Hawthorne ti Western Electric lẹ́bàá Chicago. Ní 1927, wọ́n mú obìnrin mẹ́fà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ẹ̀yà kékeré kan nínú ẹ̀rọ tẹlifóònù, wọ́n fi wọ́n sí yàrá tiwọn. Wọ́n fún wọn ní ìsinmi ráńpẹ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, wọ́n fún wọn ní ìpápánu, wọ́n jẹ́ kí wọ́n tètè máa relé. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rò. Iṣẹ́ wá ń pọ̀ sí i. Kódà nígbà tí wọ́n gba ìsinmi náà padà fúngbà díẹ̀, iṣẹ́ ò wálẹ̀ dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti fi ìtàn yẹn sọ pé bí àwọn bá ti ń ṣe ọ̀yàyà, ó ti parí. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ o! Wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó fún wọn ṣe pẹ̀lú, kí èrè iṣẹ́ ẹgbẹ́ kékeré náà lè máa padà sọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pààrọ̀ méjì nínú wọn ní 1928. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èmi ò rò pé ẹ̀rín lè rọ́pò owó.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ààrò. Ìdí àgbada ni iṣẹ́ ti le jù. Ooru ń lu ojú, èéfín ń wọ àyà, apá ń ro ẹni tó ń yí gàrí. Ẹni tó bá ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ á máa wúkọ́, ojú rẹ̀ á máa pọ́n, inú rẹ̀ á sì máa bí sí àwọn tó jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ ṣe é bí àáró: ẹni tó yan lónìí, kó bó ẹ̀gẹ́ lọ́la, kó jọ̀ ọ́ lọ́túnla. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ ya àmì tirẹ̀ fún un, ẹyẹ tàbí ìlù tàbí ajọ̀, kó fúnra rẹ̀ yàn án. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń yan wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín lọ kúrò lójú rẹ̀, kí omi mímu wà nítòsí. Aboyún àti ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń há ò gbọ́dọ̀ dé ìdí èéfín rárá. Ẹ wá iṣẹ́ míì fún wọn, láìjẹ́ kí owó wọn dín kù.

Orin ò ná yín ní nǹkan kan. (Ẹ lè tan rédíò wa náà o, inú wa á dùn.)

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ọ̀dọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa yìí, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ohun ìní gbogbo ayé ni. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó gbé agọ̀ á fi orin àti àwàdà sọ ohun tí kò dára nílùú, tolówó tòṣèlú á gbọ́ tiwọn, èèyàn á rẹ́rìn-ín, kò sì ní sí ìjà. Ẹgbẹ́ yín lè ṣe kékeré tiyín. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ kan lóṣù, lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun pọ̀ tán, kí kálukú fi àwàdà sọ ohun tó ń dùn ún. Olórí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Bí olórí ò bá lè rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ẹ má ṣe fi àìsàn tàbí àìríbí ẹnikẹ́ni ṣàwàdà.

Aṣọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kan rí, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́dún kejì, olórí ní ká ra aṣọ kan náà. Aṣọ náà dára, mo ṣì ní in. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú èrè wa láìbi wá, lọ́sẹ̀ tí iléèwé ń wọlé. Àwọn méjì nínú wa ò rí owó ìwé ọmọ san. Ẹ̀ẹ̀kan péré la jọ wọ aṣọ náà, ká tó tú ká. Torí náà, kí ẹ tó ra aṣọ, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé owó. Lálẹ́ ọjọ́ ọjà, kí ẹnì kan kà á sókè: iye ẹ̀gẹ́ tí a rà, owó igi, iye tí a tà, iye tó kù. Kí ẹni tó ń kà á máa yí padà.

Ẹ̀yin tó fẹ́ kí ìjọba mọ ẹgbẹ́ yín, òfin OHADA lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2010, múlẹ̀ ní Benin níbí. Ó gbà kí ẹni márùn-ún péré dá irú èyí tó rọrùn jù sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí mo ní ó kù lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ló ṣẹ́ kù kí wọ́n pé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn yẹn ò kúrò nílùú. Kí wọ́n lọ yà wò ó nírọ̀lẹ́ òní.