Owó-Orí Ilé àti Ilẹ̀ Ẹbí

Owó-orí ilé ni owó tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀. Ó yàtọ̀ sí èyí tí òṣìṣẹ́ ń san lórí owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní owó oṣù tí ìjọba yóò bù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n onílé tí kò ní kọ́bọ̀ lápò gbọ́dọ̀ san tirẹ̀, nítorí pé ilé rẹ̀ ni ìjọba ń wò, kì í ṣe àpò rẹ̀. Ìgbèríko ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń le, níbi tí ènìyàn ti lè ní ilẹ̀ púpọ̀ láìní owó lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ kan wà ní Beaufort, ọ̀kan nínú àwọn káńtì, èyíinì ni agbègbè ìjọba ìbílẹ̀, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà. (Káńtì yìí kan náà ni abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹ́sìn òrìṣà tẹ̀ dó ní 1970.)

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn òṣìṣẹ́ káńtì yóò kọ́kọ́ díye lé ilé. Bí onílé bá ń gbé inú rẹ̀, ìdá 4 nínú 100 iye náà ni wọn yóò gbé owó-orí lé. Bí kò bá gbé ibẹ̀, ìdá 6 ni. Kí a sọ pé iye ilé kan jẹ́ 200,000 dọ́là, tí owó-orí sì jẹ́ 250 dọ́là lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ìdá 4 jẹ́ 8,000, owó-orí rẹ̀ jẹ́ 2,000 dọ́là. Ìdá 6 jẹ́ 12,000, owó-orí rẹ̀ di 3,000 dọ́là. Fún ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 65, wọ́n lè yọ 50,000 dọ́là kúrò nínú iye ilé rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò rárá. Ṣùgbọ́n àánú wọ̀nyí kì í dédé wá. Onílé ni yóò kọ̀wé béèrè, tí yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé òun ni òun ni ilé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ní erékùṣù St. Helena, ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Baba ńlá ti kú láìṣe ìwé ìpíngún, orúkọ rẹ̀ ni ó ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó fọ́n káàkiri ni wọ́n jọ ni ín. Ta ni yóò tọwọ́ bọ ìwé? Olúkúlùkù a sì máa rò pé ẹlòmíràn ti san owó náà.

Owó ilẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe afárá sí erékùṣù Hilton Head ní 1956, àwọn olówó ti ń rọ́ wá sí agbègbè náà, ilẹ̀ sì ń gbówó lórí. Àgbẹ̀ tí kò fi bíríkì kan kún ilé rẹ̀ yóò rí i pé owó-orí rẹ̀ ń ga. Bí 15 January bá kọjá láìsan án, ìtanràn yóò gun orí rẹ̀, nígbẹ̀yìn káńtì yóò lu ilẹ̀ náà ní gbàǹjo. Oṣù 12 péré ni ẹbí ní láti rà á padà, pẹ̀lú èlé. Lẹ́yìn èyí, ó di ti ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí gbèsè náà kéré tó.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé irú gbàǹjo yìí ni ó kọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ wọn ní ilẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ní 1861, àwọn òyìnbó olóko sá kúrò ní erékùṣù wọ̀nyí. Ìjọba àpapọ̀ gba oko wọn nítorí owó-orí tí wọn kò san, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n ní 1863. Àwọn tí ó jẹ́ ẹrú lánàá dáwó jọ, wọ́n rà nínú rẹ̀. Báyìí ni Robert Smalls, tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, ṣe di ẹni tí ó ni ilé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́.

Láti 2005, àwọn lọ́yà Center for Heirs' Property Preservation ní Charleston ti ń bá irú ẹbí bẹ́ẹ̀ tún ìwé ilẹ̀ ṣe, kí orúkọ alààyè lè rọ́pò orúkọ òkú lórí rẹ̀.