Kànga Wa àti Ohun tí Ilẹ̀ ń Mu

Ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Màpó àti ní Beyerúnká, ọ̀pọ̀ agboolé ni ó ní kànga. Omi ẹ̀rọ láti Ẹlẹ́yẹlé ti ń wọ Ìbàdàn láti ọdún 1942, ṣùgbọ́n kì í dé gbogbo ilé, kì í sì í yọ lójoojúmọ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kànga ni à ń sá tọ̀. Òun la fi ń sebẹ̀, òun la fi ń fọṣọ, òun la fi ń wẹ ọmọ. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó lè ba omi kànga jẹ́, kí a sì mọ̀ bóyá omi tí ó ti bàjẹ́ ṣeé tún ṣe.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kọ́kọ́ wo ibi tí omi kànga ti ń wá. Lẹ́yìn náà, a ó dé bárékè àwọn sójà ní Amẹ́ríkà, a ó yà ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers, a ó sì padà sí agboolé wa.

NÍBO NI OMI KÀNGA TI Ń WÁ?

Àwọn mìíràn rò pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi òjò ni omi kànga. Bí òjò bá rọ̀, apá kan á ṣàn lọ sí Ògùnpa tàbí Kúdẹtì. Oòrùn á fa apá kan gbẹ. Apá yòókù á rì wọ inú ilẹ̀.

Èyí tí ó rì yìí á máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín erùpẹ̀, títí yóò fi kan àpáta. Orí àpáta ni Ìbàdàn tẹ̀dó sí. Omi kì í ráyè wọ inú àpáta, àfi níbi tí àpáta bá ti sán. Nítorí náà, omi á dúró sínú erùpẹ̀ àti òkúta rírọ̀ tí ó wà lórí àpáta náà. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbẹ́ kànga máa ń wá a dé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí omi kànga fi ń gòkè lásìkò òjò, tí ó sì ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ àwọn ìyá wa aláró. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí a dá lu nídìí. Wọ́n á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á wá da omi sí i. Omi á máa ro lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣé omi lásán ni ó bọ́ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀? Rárá o. Ó ti gba agbára eérú kọjá, ó ti ń ta ahọ́n. Òun ni wọ́n fi ń ṣe aró.

Bí ilẹ̀ ti ń ṣe sí omi òjò gan-an nìyẹn. Ohun tí a bá dà sórí ilẹ̀, òjò á gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá sì dé ìsàlẹ̀, kò ní dúró sí ojú kan. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi gíga lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. Kò mọ ààlà agboolé. Ohun tí a dà sílẹ̀ ní àgbàlá tiwa lè yọ nínú kànga aládùúgbò wa.

ÌBÀJẸ́ ORÍṢI MÉJÌ

Oríṣi kìíní ni ti kòkòrò àrùn. Ojú wa kò lè rí wọn. Láti inú ṣáláńgá, sọ́kàwéè àti ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n ti ń wọ inú kànga. Àwọn ni wọ́n ń fa onígbá méjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ń tètè pa.

Oríṣi kejì ni ti epo àti kẹ́míkà: pẹtiróòlù, ọ́ìlì dúdú, òjé inú bátìrì, omi tí a fi ń fọ irin. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe kòkòrò, nítorí náà iná kò lè pa wọ́n. Àwọn kan ń rùn, ṣùgbọ́n àwọn kan kò ní òórùn, wọn kò sì ní adùn tàbí àwọ̀. Omi tí òjé wà nínú rẹ̀ lè mọ́ gaara lójú. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí oríṣi kejì yìí ṣòro. Ènìyàn lè mu ún fún ọdún púpọ̀ kí àìsàn tó yọjú.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ BÁRÉKÈ

Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, bárékè ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Camp Lejeune. Ọdún 1941 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Àwọn sójà ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn. Láti inú kànga tí wọ́n gbẹ́ sí ibẹ̀ ni omi ẹ̀rọ wọn ti ń wá.

Kí ni ó ba omi náà jẹ́? Nínú bárékè, wọ́n ń fi kẹ́míkà kan fọ gíríìsì kúrò lára irin ọkọ̀ àti ìbọn. Èyí tí wọ́n lò tán ń dà sílẹ̀. Àwọn táǹkì epo tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ń jò. Lẹ́yìn bárékè, ilé alágbàfọ̀ kan wà tí ó ń fi kẹ́míkà fọ aṣọ láìlo omi. Kẹ́míkà tirẹ̀ náà rì wọlẹ̀, ó sì dé kànga. Kò sí ẹni tí ó dìídì da májèlé sí omi. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la ni, ọdún sì ń gorí ọdún.

Ní 1982 ni àyẹ̀wò fi hàn pé kẹ́míkà wà nínú omi náà. Ní 1984 àti 1985 ni wọ́n ti àwọn kànga tí ó burú jù lọ pa. Òfin Amẹ́ríkà gbà pé omi náà kò dára láti 1953 títí di 1987. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tí wọ́n gbé ibẹ̀ lè tó ọ̀kẹ́ àádọ́ta, èyí tí à ń pè ní mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àrùn jẹjẹrẹ kíndìnrín, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àrùn mìíràn. Wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn pẹ́. Ní 2012, òfin kan jáde pé kí ìjọba máa tọ́jú wọn. Ní 2022, òfin mìíràn fún wọn ní ọdún méjì láti pe ìjọba lẹ́jọ́.

Bárékè tí wọ́n ti tì pa pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, wọ́n ti bárékè ọkọ̀ òfurufú kan tí ń jẹ́ Pease pa ní 1991. Àwọn sójà kúrò, àwọn oníṣòwò gba ibẹ̀. Ní 2014, wọ́n yẹ omi kànga ibẹ̀ wò. Wọ́n bá kẹ́míkà inú fọ́ọ̀mù tí àwọn panápaná sójà ń lò. Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn bárékè, síbẹ̀ kẹ́míkà náà kò lọ. Ilẹ̀ kì í gbàgbé.

NÍ ILẸ̀ TIWA ŃKỌ́?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni. Ní Bárúwà, ní ẹ̀gbẹ́ Ìpájà ní Èkó, ọ̀pá epo ìjọba gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń ké pé pẹtiróòlù ń yọ nínú kànga wọn. Wọ́n á fa omi, òórùn epo á kọlu imú wọn. Ọ̀pọ̀ kànga ni kò wúlò mọ́. Àwọn onílé tí wọ́n ní kànga lágbàálá wá di ẹni tí ń ra omi.

Ní Ogale, ní ilẹ̀ Eleme ní ìpínlẹ̀ Rivers, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn onímọ̀ wá, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2011. Wọ́n rí i pé epo léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, bí ìka ọwọ́ kan ní gígùn. Kẹ́míkà kan wà nínú epo tí à ń pè ní bẹnsíìnì, tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Nínú omi tí àwọn ará Ogale ń mu, bẹnsíìnì náà ju ìlọ́po 900 iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Àwọn onímọ̀ náà ní títún gbogbo ilẹ̀ Ogoni ṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí iṣẹ́ náà. Ó ṣì ń lọ lọ́wọ́.

BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń TÚN OMI ABẸ́ ILẸ̀ ṢE?

Ìgbésẹ̀ kìíní: wọ́n á dá ohun tó ń jò dúró. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀ kí ó tó dí òrùlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: wọ́n á gbẹ́ erùpẹ̀ tí ó ti mu epo kúrò. Wọ́n á kó o lọ síbi tí wọ́n ti lè fọ̀ ọ́, tàbí tí kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wọ́n á fi pọ́ǹpù fa omi tó bàjẹ́ jáde. Wọ́n á gbà á kọjá nínú èédú tí a ṣe lọ́nà àkànṣe, kí èédú náà lè di kẹ́míkà mú. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Pease nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, èédú ìdáná wa kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: níbi tí ó bá jẹ́ epo, wọ́n lè fẹ́ atẹ́gùn sínú ilẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ epo. Bí wọ́n bá rí atẹ́gùn, wọ́n á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá ti fọ agbè epo pupa rí á mọ̀ ọ́n. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ bá tún bu omi sí i, epo á tún léfòó. Ara agbè ti mu epo. Bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ ṣe ń mu epo, tí ó sì ń pọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Bíba omi jẹ́ kò gba ju wákàtí kan lọ. Títún un ṣe lè gba ọjọ́ ayé ènìyàn, ó sì ń gba owó tí agboolé kan kò lè dá ná. Nítorí náà, ìṣọ́ra ni tiwa.

OHUN TÍ ÀWA LÈ ṢE

1. Ẹ má da ọ́ìlì dúdú, pẹtiróòlù, omi bátìrì tàbí omi kẹ́míkà aró sí àgbàlá tàbí sí gọ́tà. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ bátìrì ọkọ̀ nínú agboolé.

2. Ẹ mọ ẹnu kànga ga ju ilẹ̀ lọ. Ẹ fi sìmẹ́ńtì tẹ́ àyíká rẹ̀, kí ẹ sì máa dé e.

3. Fàmífà kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilé máa lò. Ẹ gbé e kọ́, kí ó má fara kan ilẹ̀. Ẹ má ṣe fi kẹ́ẹ̀gì tí a fi gbé kẹ́míkà rí fa omi tàbí kí ẹ fi tọ́jú omi.

4. Ó dára kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30. A mọ̀ pé ilé fún mọ́ra ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, àyè kò sí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi omi kànga fọṣọ, ẹ fi fọ ilé. Omi mímu, ẹ wá a síbòmíràn, tàbí kí ẹ sè é.

5. Ẹ jẹ́ kí omi mímu hó dáadáa kí ẹ tó sọ̀ ọ́. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi mọ́ lójú ni, kì í pa kòkòrò.

6. Bí omi kànga bá ń rùn bí epo, ẹ má mu ún, ẹ má fi sebẹ̀, ẹ má fi wẹ ọmọ. Ẹ má ṣe sè é o! Síse kò lè sọ ọ́ di omi rere, ó sì lè gbiná. Ẹ má gbé àtùpà tàbí ìṣáná súnmọ́ ẹnu kànga náà. Ẹ sọ fún mọ́gàjí, kí ẹ sì ké sí wolé-wolé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

7. Ẹ̀yin ti mọ ìwé báyìí. Ẹ lò ó. Ẹ kọ ọjọ́ tí omi yí padà sínú ìwé, ẹ kọ bí ó ti ń rùn àti àwọn kànga tí ó kàn. Bí wọ́n bá yẹ omi wò, ẹ gba ìwé àbájáde rẹ̀, ẹ kà á, ẹ fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ lè sẹ́ ẹ. Èyí tí a kọ sílẹ̀ kò rọrùn láti sẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Níbo ni omi kànga ti ń wá?
2. Báwo ni ìkòkò eérú àwọn aláró ṣe jọ ilẹ̀?
3. Ohun mẹ́ta wo ni ó ba omi Camp Lejeune jẹ́?
4. Kí ló dé tí síse omi kò fi lè mú òjé tàbí epo kúrò?
5. Ẹ wọn kànga agboolé yín: ìṣísẹ̀ mélòó ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ṣáláńgá tí ó súnmọ́ ọn jù lọ? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.