Ẹlẹ́wọ̀n Tó Di Àṣírí Wúrà Sínú

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni adájọ́ ń bi Tommy Thompson: níbo ni owó ẹyọ wúrà 500 wà? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà máa gbé ẹ̀wọ̀n títí dọjọ́ tó bá dáhùn, kí wọ́n sì máa bu 1,000 dọ́là owó ìtanràn lé e lórí lójoojúmọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí àṣẹ yẹn fi wà lórí rẹ̀.

Bí ẹni ń pàlọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ ìtàn yìí: ìṣúra, agbami òkun, ọkùnrin kan tí kò la ẹnu. Ó dùn ún gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó olówó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀mí èèyàn tó lé ní irínwó sì ti bá wúrà yìí lọ kí ẹnikẹ́ni tó pe ẹjọ́ lé e lórí.

Ọkọ̀ ojú omi SS Central America ló kó o. Ó kúrò ní Panama ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1857, ó yà ní Havana, ó wá forí lé New York. Èèyàn bíi 578 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ti California bọ̀, níbi tí wọ́n ti lọ wa wúrà. Ìjì líle ká wọn mọ́ ojú agbami, lọ́wọ́ ìta etíkun Carolina. Omi ya wọnú ọkọ̀, ó pa iná tó ń mú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin tò, wọ́n ń fi garawa gbọ́n omi tọ̀sán-tòru, apá wọn ò ká a. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan, Marine, sún mọ́ wọn, ọ̀gákọ̀ wọn, William Lewis Herndon, ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó yè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí ìkẹyìn. Àwọn kan tú àpò wúrà wọn dà sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá wù kó bù ú. Wúrà tí wọ́n torí rẹ̀ fi aya àti ọmọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù! Kò sì ya èèyàn lẹ́nu: wúrà wúwo, ẹni tó bá dì í mọ́ ìbàdí kò ní léfòó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù náà, ọkọ̀ rì. Nǹkan bí èèyàn 425 ló kú. Àwọn báǹkì New York tó ń retí wúrà náà ò rí i gbà, àdánù yìí sì dá kún ìpayà tó bá ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn.

Ọdún 131 ló fi wà nísàlẹ̀ òkun kí Thompson tó kàn án.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Thompson, ó sì mọ̀rọ̀ sọ. Ó lọ bá àwọn èèyàn Columbus, ó ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn, wọ́n sì gbà á gbọ́. Àwọn 161 ló dá mílíọ̀nù 12.7 dọ́là jọ fún un. Onímọ̀ ìṣirò kan, Lawrence Stone, kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó yè, àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí, ipa afẹ́fẹ́ àti ti omi jọ, ó pín ojú òkun sí abala-abala, ó sì fi iye sí abala kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bó ti ṣeé ṣe tó kí ọkọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró yẹ ìsàlẹ̀ omi wò tọ ipasẹ̀ ìṣirò yẹn. Lọ́dún 1988, rọ́bọ́ọ̀tì wọn, Nemo, débi tí òmùwẹ̀ kankan ò lè dé láyè, nínú òkùnkùn tó jìn tó 2,200 mítà. Wọ́n rí agogo ọkọ̀ náà. Wọ́n rí owó ẹyọ àti ìṣù wúrà tó bo àwọn igi ọkọ̀ tó ti jẹrà, bí àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni, ó sì yẹ ká yìn ín fún un.

Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò 39 yọjú, wọ́n ní lọ́dún 1857 ni wọ́n ti sanwó fún àwọn tó pàdánù, nítorí náà àwọn ló ni wúrà. Ẹjọ́ yẹn fa ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé ẹjọ́ tó fún ẹgbẹ́ Thompson ní nǹkan bí ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2000, wọ́n ta èyí tó pọ̀ jù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 dọ́là. Ìṣù kan ṣoṣo tó wúwo tó kílò 36 ni ẹnì kan rà ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là lọ́dún 2001.

Àwọn tó dáwó jọ ò rí kọ́bọ̀. Thompson ní gbèsè báǹkì àti owó agbẹjọ́rò ló gbé owó náà mì. Ní 2005, àwọn kan nínú wọn pè é lẹ́jọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ṣèlérí ìpín fún náà gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìgbà tí wọ́n ń tọpa owó ni ọ̀rọ̀ owó ẹyọ 500 jáde: wúrà inú ọkọ̀ náà ni wọ́n fi rọ ọ́, owó rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 2.5 dọ́là.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, adájọ́ ní kí Thompson fara hàn. Kò wá. Ó ti na pápá bora. Nínú ilé ńlá tó háyà ní Florida, wọ́n bá àwọn fóònù alágbèéká ìlò-jù-sílẹ̀, ìdè tí báǹkì fi ń di 10,000 dọ́là, àti ìwé tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè fara pa mọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2015 ni ọwọ́ ṣìnkún òfin tẹ̀ ẹ́ nínú hótẹ́ẹ̀lì kan. Ó gbà pé òun jẹ̀bi títàpá sí àṣẹ ilé ẹjọ́, ó sì ṣàdéhùn pé òun á dáhùn ìbéèrè nípa dúkìá. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un. Nígbà tí ìbéèrè wá dé, ó ní ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó dúkìá kan ní orílẹ̀-èdè Belize ni owó ẹyọ náà wà. Ó tún ní àìsàn ń da iyè òun láàmú.

Ibí ni òfin ti ṣòro díẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì yẹn jẹ́ ìjìyà, ó sì ní òpin. Èyí tí adájọ́ gbé lé e lórí ní oṣù Kejìlá kì í ṣe ìjìyà lójú òfin. Ọ̀nà láti fipá mú un sọ̀rọ̀ ni, ọdún méjì náà ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà àfi tí ìyẹn bá parí. Òfin Amẹ́ríkà sábà máa ń fi oṣù 18 ṣe òpin irú àtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́rìí tó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Thompson lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀, àmọ́ wọ́n dá a padà lọ́dún 2019. Wọ́n ní àdéhùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ló ń yẹ̀.

Nínú ìwé ìtàn Alexandre Dumas, The Count of Monte Cristo, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Faria wà lẹ́wọ̀n ní Château d'If, odi ẹ̀wọ̀n kan ní erékùṣù nítòsí Marseille. Ó ń bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀, òun á fi ìṣúra ńlá san án fún wọn. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ti Thompson yàtọ̀: ìjọba gbà pé àṣírí wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́, òun ló ń sọ pé òun ò mọ̀.

Kì í ṣe akọni. Àwọn tó fọkàn tán an ló fi sílẹ̀ sínú òfo. Ní 2018, ìgbìmọ̀ adájọ́ àwọn ará ìlú ní ó jẹ wọ́n ní mílíọ̀nù 19.4 dọ́là. Síbẹ̀, ó yẹ kí ilé ẹjọ́ ti jáwọ́ nínú àtìmọ́lé yìí ṣáájú ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá mọ ibi tí wúrà wà, ọdún mẹ́ta ti tó láti fi hàn pé kò ní sọ ọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ní tòótọ́, wọ́n ń fìyà jẹ ẹni tí kò ní ìdáhùn kankan lẹ́nu.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Adájọ́ Algenon Marbley, tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dá òun lójú mọ́ pé ẹ̀wọ̀n lè mú un dáhùn, ó sì fòpin sí àtìmọ́lé náà. Thompson ti pé ẹni ọdún 72 nígbà náà, owó ìtanràn ojoojúmọ́ sì ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Síbẹ̀, kò lè lọ sílé nígbà náà, nítorí ọdún méjì ti àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú owó ẹyọ 500 náà, ẹyọ kan ṣoṣo kò dé iwájú ilé ẹjọ́ títí dọjọ́ yẹn.