Ẹni Tí Ó Ń Pa Wá Lẹ́rìn-ín: Iṣẹ́ àti Ìyà Bàbá Sàlá

Ojú ewé ìdílé ti òní fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí iṣẹ́. Bí ọmọ bá wí pé òun fẹ́ di télọ̀, a ó wá ọ̀gá fún un. Bí ó bá wí pé òun fẹ́ di olùkọ́, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé òun fẹ́ máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín jẹun, ìyá rẹ̀ yóò káwọ́ lérí, bàbá rẹ̀ yóò sì béèrè ẹni tí ó fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sí i lórí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí òkú àgbà tí a kì í wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn kí ó wá mú inú àwùjọ dùn. A fẹ́ràn ẹ̀rín, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ọmọ tiwa máa tà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó ta ẹ̀rín fún wa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kí a sì mọ ohun tí ó jẹ níbẹ̀ àti ohun tí ó jẹ ẹ́ níyà. Orúkọ rẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Àwa ará Igolo kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ orúkọ náà. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìdí-Ìrókò. Aṣọ́bodè lè dá ẹrù dúró, ṣùgbọ́n ohùn rédíò àti àwòrán tẹlifíṣọ̀n kì í san owó ibodè.

ẸFẸ̀ TI WÀ NÍLÉ WA TIPẸ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa ní àwàdà. Ní Kétu àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá tí ó yí wa ká, àwọn baba wa ní alẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní alẹ́ ẹ̀fẹ̀, èyí tí ó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní alẹ́ náà, ẹlẹ́fẹ̀ a máa kọrin ẹ̀rín àti ẹ̀gàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A dárúkọ olè, a fi ọkùnrin tí kò bọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a sì sọ ohun tí ẹlòmíràn kò tó bẹ́ẹ̀ láti sọ lójú àwọn ìjòyè. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tí gbogbo ayé ní láti pa mọ́. Ní ọdún 2008 wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. A kò dárúkọ èyí nítorí ẹ̀sìn tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ó ń pani lẹ́rìn-ín ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ìlú.

ỌMỌ ÌJẸ̀ṢÀ TÍ Ó KỌ́KỌ́ ṢE OLÓRIN

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ọláìyá. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1936. Kì í ṣe àwàdà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, orin ni. Ní nǹkan bí ọdún 1964 ó ní ẹgbẹ́ olórin háíláìfù tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìdílé ọba ní Oǹdó ti ń ta gìtá. Ọmọkùnrin náà ti fi ilé-ìwé sílẹ̀; ó ní kí àwọn ará ilé gbà pé Yunifásítì Èkó ni òun ń lọ, ṣùgbọ́n ìdí gìtá ni ó forí lé. Ẹ ó ti mọ̀ ọ́n: King Sunny Ade ni. Ní ọdún 1967 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ àti ti ọ̀gá rẹ̀ sì pínyà ní àlàáfíà. Ọ̀kan lọ sínú jùjú, èkejì dojú kọ àwàdà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo èyí dáadáa. Ọmọ méjì tí ilé lè pè ní aláìgbọ́ràn ni wọ́n pàdé lábẹ́ òrùlé kan, àwọn méjèèjì sì di ẹni tí ilẹ̀ Yorùbá ń fi yangàn. A kò sọ pé kí ọmọ máa parọ́ fún òbí rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ilé bá ti ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ pa, irọ́ ni ọmọ yóò fi ṣe fèrèsé.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI RÍ

Ẹgbẹ́ Aláwàdà Bàbá Sàlá di ohun tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láti Ìbàdàn, wọ́n sì ń lọ láti ìlú dé ìlú. Bí ó bá jáde, kí ó tó la ẹnu ni ẹ̀rín ti ń bọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ kì í bá ara mu. Bí kò bá há jù, a tóbi jù. Táì ọrùn rẹ̀ a máa fẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi, kò sì ní dígí nínú. Dípò aago ọwọ́, aago ńlá tí à ń gbé sórí tábìlì ni yóò so mọ́ra. Ta ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Kì í ṣe arọ, kì í ṣe òtòṣì. Àgbàlagbà ahun ni, ọ̀jẹun tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọbẹ̀ ẹlòmíràn, ọlọ́gbọ́n àṣejù tí ó ń wa kòtò tí ó sì ń jìn sínú rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ẹlẹ́yà, àwa tí a ń wò ó sì ń rí ara wa níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá, ìyá àti ọmọ fi lè jókòó sórí ẹní kan wò ó.

Ṣùgbọ́n kí ni ìgbésí ayé ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri ní ìgbà náà? Ọkọ̀ wọn ni ilé wọn. Bí wọ́n bá dé ìlú ní ọ̀sán, ọkọ̀ yóò yí ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn yóò máa ké pe ènìyàn. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò to àga sí gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé, wọn yóò tan jẹnẹrétọ̀ bí iná kò bá sí, ẹnìkan yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba owó. Lẹ́yìn eré, a ó san owó gbọ̀ngàn, a ó san owó epo ọkọ̀, a ó fún àwọn òṣèré ní tiwọn, kí ó tó ku ohun tí olórí ẹgbẹ́ yóò gbé lọ sílé. Bí òjò bá rọ̀ ní alẹ́ náà, gbèsè ni. Bí orí bá ń fọ́ aláwàdà, bí ọmọ rẹ̀ bá wà ní ilé ìwòsàn, àwọn tí ó san owó kò mọ̀, wọn kò sì fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n wá rà, ẹ̀rín ni ó gbọ́dọ̀ tà fún wọn. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Aláwàdà ni ẹni tí ó ń ṣe é lójoojúmọ́.

ỌDÚN 1982

Ní ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Ọ̀run Móoru. Ola Balogun, ẹni tí ó ti darí Aiyé fún Hubert Ògúndé ṣáájú ìgbà náà, ni ó darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ẹlẹ́tàn sọ di ẹdun arinlẹ̀, tí ayé sì sú débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n dá a padà láti ọ̀run nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì pé.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ bí fíìmù ti ń mú owó wá nígbà náà. Olówó fíìmù kì í ta fíìmù. Òun tìkára rẹ̀ ni yóò gbé e láti ìlú dé ìlú, ènìyàn yóò san owó wọlé, wọn yóò wò ó, yóò sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Owó ńlá ni a sì fi ń ṣe é; Bàbá Sàlá jẹ gbèsè báńkì lé e lórí. Kí ó tó lè gbé e kiri tó, àwọn olè ti rí fíìmù náà dà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ta ni yóò san owó gbọ̀ngàn láti wo ohun tí ó ti wò ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀? Owó kò wọlé mọ́, gbèsè sì dúró. Ọkùnrin tí ó ṣe eré lórí ẹni tí ẹlẹ́tàn sọ di òtòṣì wá rí i pé eré náà ti di ìtàn ara òun.

Ní ọdún 1982 kan náà ni àwo orin King Sunny Ade tí wọ́n pè ní Juju Music jáde láti ilé-iṣẹ́ Island, tí orúkọ rẹ̀ sì kàn dé ìlú òyìnbó. Ọmọ iṣẹ́ ń gòkè, ọ̀gá ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé.

Síbẹ̀ Bàbá Sàlá kò jókòó sunkún. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní ọdún 1983, ó sì ṣe Mosebọ́látán lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ Ọ̀run Móoru kò jinná bọ̀rọ̀. Ọdún púpọ̀ ni gbèsè náà fi wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Boisala gba iṣẹ́ àwàdà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Àwọn tí ó ra kásẹ́ẹ̀tì olè náà, ṣé ọ̀tá Bàbá Sàlá ni wọ́n? Rárá o. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àwọn tí ó ń rẹ́rìn-ín sí i ni ó já a ní ṣòkòtò, wọn kò sì mọ̀. Lónìí kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì mọ́, fóònù ni. Ọmọ wa yóò gbé káàdì kékeré lọ bá ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà, yóò fún un ní owó díẹ̀, fíìmù ogún yóò sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọ̀kan nínú owó náà tí ó dé ọwọ́ òṣèré. Ìhìnrere ti kọ́ wa pé kò yẹ kí a du òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwàdà náà wà nínú iṣẹ́.

ÀWỌN TÍ Ó TẸ̀ LÉ E

Gbenga Adeboye, tí a bí ní ọdún 1959, mú àwàdà lọ sórí rédíò. Òun nìkan yóò jókòó, ẹ ó sì gbọ́ ohùn àgbàlagbà, ohùn àlejò, ohùn onígbèsè. Ó sọ ara rẹ̀ ní Alhaji Pastor Olúwo, kí ẹlẹ́sìn gbogbo lè jùmọ̀ rẹ́rìn-ín láìbínú síra wọn. Àìsàn bá a jà, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2003. Kò tí ì pé ẹni ọdún 44.

Lẹ́yìn náà ni irú àwọn aláwàdà mìíràn gbòde ní Èkó: ẹnìkan ṣoṣo, maikirofóònù kan, láìsí ẹgbẹ́, láìsí aṣọ eré. Ali Baba wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà náà. Ó gbé pátákó ńlá sí ìgboro Èkó láti jẹ́ kí ayé mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni ìpanilẹ́rìn-ín, ó sì mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́ láti san owó rẹ̀ bí wọ́n ti ń san ti olórin. Ní ọdún 1995 ni Opa Williams sì bẹ̀rẹ̀ àpéjọ Nite of a Thousand Laughs, tí ó sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ di ẹni mímọ̀.

NÍWÁJÚ PÓÒPÙ

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wí pé iṣẹ́ yìí kò yẹ ọmọ Ìjọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2024, Póòpù Francis, tí ó papò dà ní ọdún 2025, pe àwọn aláwàdà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún láti orílẹ̀-èdè 15 wá sí Fatikánì. Whoopi Goldberg wà níbẹ̀, Chris Rock àti Jimmy Fallon náà wà níbẹ̀. Àwọn tí ó máa ń dá àwùjọ ńlá lẹ́rìn-ín wá tò láti bọ Póòpù lọ́wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Ó sọ fún wọn pé ènìyàn lè bá Ọlọ́run ṣe àwàdà bí a ti ń bá ẹni tí a fẹ́ràn ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fi gún ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn lára, ní pàtàkì àwọn tálákà. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbéra lọ bá àwọn olórí orílẹ̀-èdè alágbára méje sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Àwọn aláwàdà ni ó kọ́kọ́ rí.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ má ṣe fi pàṣán lé ẹ̀bùn náà jáde. Ẹ kọ́ ọ ní ìwọ̀n: kí ó má fi àbùkù ara ẹlòmíràn ṣe ẹ̀rín, kí ó má sọ ohun tí kò lè sọ lójú ìyá rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú láti ka ìwé àdéhùn kí ó tó fi ọwọ́ sí i, àti láti má ṣe fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ sínú agbọ̀n kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ó ṣe ìnáwó ní ọdún yìí, bí ẹ bá pe aláwàdà tàbí alága, ẹ bá a dá iye owó ṣáájú, kí ẹ sì san án ní ọjọ́ náà. Àwo ìrẹsì kì í ṣe owó iṣẹ́. Òun náà ní ilé, òun náà ní ọmọ ní ilé-ìwé.

Ní alẹ́ yìí, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ta ni ó pa wá lẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ni a sì fún un?