Físà ọkọ tàbí ìyàwó sí Amẹ́ríkà: Kí oníṣòwò má tíì ta ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló jẹ́ pé, tí wọ́n bá ti gba ìwé pé kí wọ́n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí físà tí ọkọ tàbí ìyàwó wọn tó wà ní Amẹ́ríkà bá wọn béèrè, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò kó ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ta ẹ̀rọ, wọ́n á dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé, wọ́n á sì dágbére fún àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í ṣe físà. A kì í torí òjò tó ṣú ká da omi inú àmù nù.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i fáwọn ọmọ Nàìjíríà. Lọ́jọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde kan tó dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ máa gbé Amẹ́ríkà dúró, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2026. Nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀ tó kan àwọn orílẹ̀-èdè míì ní oṣù Kẹfà, ọdún 2025, wọ́n yọ ọkọ àti ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò yọ wọ́n sílẹ̀. Nínú oṣù Kìíní, ọdún 2026 kan náà, wọ́n tún kéde pé àwọn dá irú físà yìí dúró fún orílẹ̀-èdè 75, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n ní èèyàn ṣì lè kọ̀wé béèrè, ó sì lè lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àmọ́ wọn kò ní í fún un ní físà níwọ̀n ìgbà tí ìdádúró náà bá ṣì wà. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè yí padà nígbàkigbà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó san owó kankan, kó kọ́kọ́ wo ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kọ sí travel.state.gov lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má gbára lé ẹnu àwọn tó ń báni ṣe ìwé.

Bí ètò náà ṣe ń lọ

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà, kì í ṣe ẹni tó wà nílé. Yóò fi fọ́ọ̀mù I-130 ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ USCIS láti fi hàn pé lóòótọ́ ni wọ́n jẹ́ tọkọtaya. Láti oṣù Kẹrin, ọdún 2024, wọ́n sọ owó rẹ̀ di dọ́là 625 fún ẹni tó bá ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti dọ́là 675 fún ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọn kò fi òǹkà sí físà tí irú wọn lè gbà lọ́dún. Bó bá jẹ́ gíríìn káàdì ló ní, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ yóò tò sórí ìlà.

Tí USCIS bá ti fọwọ́ sí i, ìwé náà yóò lọ sí National Visa Center, ní Portsmouth, ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san dọ́là 325 fún fọ́ọ̀mù DS-260, àti dọ́là 120 fún ìwé onígbọ̀wọ́. Owó wọ̀nyí kì í padà, bí wọ́n fúnni ní físà o, bí wọn kò fúnni o.

Ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè. Fọ́tò ìdáná àti aṣọ ẹbí kò lè rọ́pò ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ti fẹ́ ẹlòmíì rí gbọ́dọ̀ mú ìwé kóòtù wá pé wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, tàbí ìwé ẹ̀rí ikú. Ọkùnrin tó bá ní ìyàwó méjì kò lè fi èkejì béèrè físà, nítorí òfin Amẹ́ríkà kò ka ìyàwó kejì sí ìyàwó.

Fọ́ọ̀mù DS-260 tún máa ń béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe àti orúkọ míì tó ti lò rí. Ẹni tó ń ta aṣọ, kó kọ pé aṣọ lòun ń tà. Kò sí ìtìjú nínú òwò, wàhálà ló wà nínú kéèyàn pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́.

Owó onígbọ̀wọ́

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi hàn nínú fọ́ọ̀mù I-864 pé òun lè bọ́ ẹni tó ń bọ̀. Lọ́dún 2025, ìdílé ẹni méjì gbọ́dọ̀ ní owó tó ń wọlé tó dọ́là 26,437 lọ́dún. Bí owó rẹ̀ kò bá pé, ohun ìní ẹni tó wà nílé lè dí i. Àmọ́ ohun ìní náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè sọ di owó láàárín ọdún kan. Tó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni ọkọ tàbí ìyàwó náà, ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tó kù: bí dọ́là 6,000 bá kù, ohun ìní tó tó dọ́là 18,000 ni wọ́n máa béèrè. Níbí yìí ni àkọsílẹ̀ òwò ti ń wúlò. Oníṣòwò tí gbogbo owó rẹ̀ ń gba inú báńkì kọjá, tí ìwé ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀ sì pé, ní nǹkan tó lè fi hàn. Ẹni tó ń kó owó sábẹ́ ibùsùn kò ní.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Èkó ni wọ́n ti ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún irú físà yìí ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ Ìbàdàn tàbí Kánò lèèyàn ń gbé. Kí ọjọ́ náà tó pé, èèyàn gbọ́dọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, dókítà míì kò wúlò.

Lójú fèrèsé, wọ́n á ní kó búra pé òótọ́ lòun máa sọ. Wọ́n lè béèrè bí wọ́n ṣe pàdé, ta ló wá síbi ìgbéyàwó, iṣẹ́ wo lọkọ ń ṣe, ọmọ mélòó ló ti bí. Kì í ṣe ìdánwò téèyàn ń há sórí. Ẹni tó bá mọ ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ yóò dáhùn. Fọ́tò ọdún bí ọdún, ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn àti àkọsílẹ̀ ìpè fóònù máa ń ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Bí ìwé kan bá kù, wọ́n á fún un ní ìwé tí wọ́n kọ 221(g) sí, ó sì ní ọdún kan láti fi mú un wá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i pé ìgbéyàwó náà jẹ́ ayédèrú, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún bá a béèrè irú físà bẹ́ẹ̀ mọ́, kódà bó bá fẹ́ ẹlòmíì lóòótọ́.

Ìgbà wo wá ni kí wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù?

Tí físà bá ti wọ inú pásípọ́ọ̀tì. Ó sábà máa ń ní tó oṣù mẹ́fà kó tó kú, àyàfi tí àyẹ̀wò ara bá tètè pé ọjọ́. Àsìkò yẹn ló wà fún gbígba gbèsè tó wà níta, sísan owó àwọn tó ń kó ọjà fúnni, àti kíkọ́ ẹni tí yóò máa bójú tó òwò náà. Ìgbà náà ni wọ́n tún ń san dọ́là 235 fún gíríìn káàdì.

Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tó bá wọ Amẹ́ríkà, káàdì ọlọ́dún méjì ni wọ́n máa fún un. Láàárín 90 ọjọ́ kí káàdì náà tó kú, òun àti ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún fi hàn pé àwọn ṣì jọ wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹni tó ṣeé fọkàn tán nílé, ó sàn kó fi òwò náà sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí lọ́yà ṣe ju kó tà á ní ìdajì owó lọ. Títí físà yóò fi jáde, ṣọ́ọ̀bù náà ló ń bọ́ ilé.