Akọ̀wé Tó Ń Ka Owó Àwọn Dókítà Olùwádìí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Awẹ́, Ìlọrà, Fìdítì àti agbègbè wọn gbogbo,

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa oṣù tó kọjá, ìyá wa kan tó ń ta ọsàn ní Fìdítì dìde, wọ́n ní: “Akọ̀wé, ẹ dákun, kí ló dé tí ẹgbẹ́ fi ń sanwó fún ẹni tó ń kọ̀wé, tó tún ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ ìwé wò? Ṣé wọn kò lè bá wa ka owó wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni?” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n tilẹ̀ dá a lábàá pé kí a gé owó méjèèjì kúrò nínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé kò lè sọ púpọ̀. Bí mo bá gbèjà owó náà, wọn á ní ikùn ara mi ni mò ń jà fún. Mo ní kí ẹ fún mi ní oṣù kan. Ìdáhùn mi rèé, Ìbàdàn ni mo sì ti rí i.

Àbúrò ìyàwó mi kan ni akọ̀wé owó ní ẹ̀ka ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹ jọ̀wọ́, n kò ní dárúkọ ẹ̀ka náà, ìdí rẹ̀ á yé yín níwájú. Mo lọ kí i ní ọ́fíìsì. Ìwé ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà: fáìlì, rísíìtì, ìwé báńkì. Mo ní: “Ṣé báyìí ni ẹ ti ń wo àìsàn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Bọ̀dá, àwọn dókítà ló ń wo àìsàn. Èmi ni mò ń wo owó kó má bàa ṣàìsàn.”

ÌWÁDÌÍ KÌ Í ṢE IṢẸ́ ỌJỌ́ KAN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí owó náà wà fún. Ọdún 1948 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò kí UCH tó ṣí ní 1957. Kì í ṣe pé wọ́n ń fúnni lóògùn nìkan, wọ́n tún ń wádìí ohun tó ń fa àìsàn láàárín wa. Ní 1963, iṣẹ́ wọn dé Ìbàràpá, tí Ìgbò-Ọrà fi di ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ti ń kọ́ bí a ti ń tọ́jú ará ìlú kéékèèké.

Ẹ tún wo ti Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn olùwádìí Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sókè lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa àrùn tó ń mú kí arúgbó gbàgbé ọmọ tó bí àti ilé tó ń gbé. Wọ́n ń ṣe irú ìwádìí kan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Owó ìjọba Amẹ́ríkà ló gbé iṣẹ́ náà ró. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní 2001, ó hàn pé nínú 10,000 àgbàlagbà, bíi 115 ni àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bíi 252 ni ní Indianapolis. Ọ̀rọ̀ náà ya gbogbo ayé lẹ́nu.

Ẹ ka ọdún náà: láti 1992 dé 2001. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun ti papò dà ní 1995, àwọn mìíràn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ tí olórí rẹ̀ kú tí iṣẹ́ kò kú, ẹ mọ̀ pé ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. Iye ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá akápò rẹ̀ wọ sàréè, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

OWÓ KAN KÒ GBỌDỌ̀ WỌ ILÉ ÈKEJÌ

Mo bi àbúrò mi pé báwo ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó ní kí owó tó dé rárá, ìgbìmọ̀ kan á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò, kí wọ́n rí i pé a kò ní fìyà jẹ ẹni tí a fẹ́ ṣe ìwádìí lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà olówó á wá, tí iye á sì wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó ọkọ̀, owó kẹ́míkà, owó tí a ó fún àwọn tó wá fún àyẹ̀wò kí wọ́n fi wọkọ̀ padà sílé. Bí ẹ̀ka kan bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹni márùn-ún, ìwé márùn-ún ni akọ̀wé á máa tọ́jú. Bí owó epo ọkọ̀ bá ṣẹ́kù, kò gbọdọ̀ fi í ra fáànù. Á kọ̀wé sí olówó, á dúró de ìdáhùn.

Mo ní: “Èyí le jù.” Ó ní: “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá nílẹ̀ níbí.”

Ó ní kí òun tó dé ẹ̀ka náà, jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé firísà wọn ró bàjẹ́ ní òru ọjọ́ Ẹtì kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n ti fi ọdún méjì gbà jọ ló wà nínú firísà. Ọ̀gá kan sáré mú owó ọkọ̀, ó fi pe mẹkáníìkì. Ẹ̀jẹ̀ kò bàjẹ́. Ẹ ó ní ó ṣeun, ó sì ṣeun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kò kọ rísíìtì, kò sì sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí olówó. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wé-owó dé, owó ọkọ̀ dín, ọkọ̀ kò sì rìn. Olówó dá ìyókù owó dúró títí wọn ó fi ṣàlàyé. Oṣù mẹ́rin kọjá. Àwọn ọmọ tó ń lọ láti ilé dé ilé kò gbowó oṣù, méjì nínú wọn fiṣẹ́ sílẹ̀. Baba kan ní àdúgbò tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá ránṣẹ́ sí wọn pé: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀. Àbí ẹ̀jẹ̀ wa nìkan lẹ wá gbà lọ ni?”

Ọ̀rọ̀ baba yẹn dùn mí títí mo fi délé. Ẹ kíyè sí i pé kò sí olè nínú ìtàn yìí. Ìwé ni kò sí.

TA NI YÓÒ SANWÓ INÁ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan wa gan-an nìyí. Jẹnẹrétọ̀, iná, omi, ọlọ́dẹ, akọ̀wé, ayẹ̀wé-owó: gbogbo wọn ni à ń pè ní owó àbójútó. Olówó fẹ́ràn láti sanwó oògùn, kò fẹ́ràn láti sanwó ẹni tó ń ka owó oògùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, NIH, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, kì í fi ju dọ́là 8 kún dọ́là 100 fún irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, kí wọ́n fi ṣe àbójútó. Ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, àwọn yunifásítì ńlá kan ń gbà ju 60 lọ lórí 100. Nígbà tí ìjọba wọn kéde ní oṣù kejì 2025 pé òun á gé e sí 15, ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ, ilé-ẹjọ́ sì dá ìjọba dúró. Àwọn náà mọ̀ pé bí iná kò bá tàn, dókítà kò ríran.

Lọ́dọ̀ tiwa, UCH fúnra rẹ̀ wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta, láti ìparí 2024 wọ 2025, nítorí gbèsè iná. Ẹ wá ro ti firísà.

Ìṣòro méjì mìíràn tún wà tí ẹ̀yin oníṣòwò á tètè mọ̀. Ìkíní ni ti dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó náírà 480 ní báńkì, kí 2024 tó parí ó ti ju 1,500 lọ. Ẹni tó fi náírà ṣètò láti ra kẹ́míkà òkè òkun, owó rẹ̀ ti di ìdá mẹ́ta kó tó dé ìsọ̀. Ìkejì ni pé ní 2015, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí owó gbogbo ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wọ àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àgbà. Ó dí ihò olè, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì pariwo pé owó ìwádìí kò tètè jáde mọ́. Akọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní í béèrè owó ṣáájú kí ebi tó pa ilé.

Ẹ JẸ́ KÁ PADÀ SÍLÉ

Kí n má purọ́, èmi náà ti ṣe irú ti ọ̀gá ẹlẹ́jẹnẹrétọ̀ yẹn. Nígbà kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, inú owó ilé tí à ń kọ́ ni mo ti yọ owó fún un, ẹnu lásán ni mo fi sọ fún alága. Àánú ló ṣe mí. Ayẹ̀wé-owó ló rí i, òun ló jẹ́ kí a tún un ṣe kó tó di ìjà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí ìjà náà ì bá gbà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń mú wá sí ìpàdé:

1. Kí owó àyáwó, owó ilé àti owó ìrànwọ́ ní ìwé tirẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹnu lásán gbé owó láti ọ̀kan sí èkejì.

2. Kí owó kékeré kan wà nílẹ̀ fún pàjáwìrì, tí èèyàn méjì á máa fọwọ́ sí, kí àánú má bàa sọ wá di arúfin.

3. Kí a má gé owó ayẹ̀wé-owó. Bí ẹ bá fẹ́ gé nǹkan, ẹ gé tèmi kẹ́ ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá wa ọlọ́sàn, ìbéèrè yín dára, ẹ má bínú pé ìdáhùn pẹ́. Ẹ bá mi wá sí ìpàdé, kí ẹ tún bi mí síwájú gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agbọ̀n kí ọlọ́kọ̀ tó gbé e, ẹ kì í pe ẹni tó ń bá yín kà á ní ọ̀lẹ.

Ó dìgbà ìpàdé o. Àjọjẹ wa kò ní bàjẹ́.

Akọ̀wé yín.